Ọ̀rọ̀ Tí Dindo Ń Pè Lójú Omi

Nígbà tí Amparo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Himi, ìlú apẹja kan ní Jàpáànì, yìnyín ti bo gbogbo ìlú. Nenita, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ti mú kóòtù tó nípọn lọ pàdé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Nenita ti fẹ́ ará Jàpáànì, tó sì ń ṣiṣẹ́ ẹja lílà ní èbúté, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni láti ìlú wọn ní Filipíìnì yóò wá sùn nílé rẹ̀.

"Ìyá Dindo, o mà ti rù o."

"Òtútù yín ló mú mi sún kì. Gbé kóòtù wá, jàre."

Nenita ti se ọbẹ̀ ẹja kíkan, irú èyí tí wọ́n jọ ń jẹ lọ́mọdé. Amparo wo inú abọ́, ó rọra tì í sẹ́yìn.

"Ṣé inú òkun yìí ni wọ́n ti pa á?"

Inú òkun yẹn náà ni Dindo, ọmọ kan ṣoṣo tí Amparo bí, ṣubú sí lọ́dún tó kọjá, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Shigeo, ọkọ Nenita, dìde, ó gbé ìkòkò náà jáde, ó sì lọ dín ẹyin wá.

Lówùúrọ̀, Amparo ní kí ọ̀rẹ́ òun mú òun lọ sétí òkun. Wọ́n bá arúgbó kan níbẹ̀ tó ń da ìrẹsì sómi fún òkú, bí àṣà wọn. Nenita dúró gbagidi.

"Ta nìyẹn?" ni Amparo béèrè.

"Hamade ni. Òun ni ọ̀gá ọkọ̀ tí Dindo bá ṣiṣẹ́."

Bàbá náà ti rí wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un kó tó mọ àlejò náà, torí ojú ìyá rẹ̀ ni Dindo gbé wáyé. Ó kúnlẹ̀ nínú yìnyín, ó forí kanlẹ̀.

Amparo ò wò ó. "Bi í bóyá ọmọ mi sọ nǹkan kan."

Nenita túmọ̀ rẹ̀. Bàbá náà gbé orí sókè.

"Ìgbì ti gbé e jìnnà. A ju okùn sí i, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ń pariwo ṣáá, ní èdè yín. Nánáì. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀."

"Bàbá, ojoojúmọ́ la ń rí ara wa ní èbúté. Kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

"Ẹ̀rù bà mí, ìyàwó Shigeo. Mo rò pé èpè ló ń ṣẹ́ fún mi."

Amparo ò dúró de ìtumọ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó di Nenita lọ́wọ́ mú.

"Sọ fún un pé èmi ni. Èmi ni Nánáì. Ìyá rẹ̀ ló ń pè."

Nígbà tí Nenita túmọ̀ rẹ̀ tán, bàbá náà bú sẹ́kún bí ọmọdé. Amparo jẹ́ kó sunkún tó.

"Ní kó dìde, kí òtútù má pa á. Mi ò tíì dárí jì í o, má parọ́ fún un. Ṣùgbọ́n kó pè é fún mi, bí Dindo ṣe pè é gan-an."

Bàbá dìde, ó kọjú sókun, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ pè é.

"Ọmọ mi," Amparo dáhùn, "mo ti dé."

Wọ́n padà sílé. Amparo sùn títí ọ̀sán fi pọ́n. Nenita ò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó tì í, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.