Gègé Kúlísúmù

Mùlíkàt fa dúrọ́ọ̀ náà yọ pátápátá, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì ní bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé wọn. Sáńpépà fọ́n ká, ìgò yíǹkì yí lọ sétí tábìlì, gègé dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ́ sílẹ̀. Gègé pupa kò sí níbẹ̀. Ó tú dúrọ́ọ̀ kejì. Kò sí níbẹ̀ náà.

"Bàbá Kamilah!"

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, Kúlísúmù, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Laurel, yóò jókòó níwájú òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n kan ní Baltimore, wọn yóò sì ní kó kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sílẹ̀, kó lè gba ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Ìgbà kejì nìyí. Nígbà àkọ́kọ́, báírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó kọ kò ṣeé kà, wọ́n ní kó máa lọ, kó padà wá lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Bí tòní bá tún yẹ̀, gbogbo ìwé rẹ̀ yóò tún di àtìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ìwé ọmọ onílùú yìí ló sì fi fẹ́ mú un wá kó tó dàgbà jù.

Kì í ṣe pé Kúlísúmù kò mọ̀wé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló gba ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀, ó sì gé àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ sí ìdajì. Kò sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ náà. Ṣe ló fi ìborùn bo ọwọ́, ó ní òun kò wá tọrọ àánú lọ́wọ́ òyìnbó.

Ìdí nìyẹn tí Mùlíkàt fi ṣe gègé. A gbọ́dọ̀ tẹ báírò mọ́ ìwé kó tó kọ, ṣùgbọ́n gègé oníyíǹkì kò bèèrè agbára. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣáà ti kan ìwé, yíǹkì á máa ṣàn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta ẹ̀yà gègé nínú páálí, tí o kàn máa tò pọ̀. Mùlíkàt ra dúdú kan, ó tò ó, ó rí i pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, ọwọ́ Kúlísúmù kò sì lè dì í mú, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá lójú Route 1 ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì mọ bí a ṣe ń po páúdà àti omi rẹ̀ tí yóò fi gan di èrìgì. Ó tọrọ páúdà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó pò ó, ó jẹ́ kó pọ́n ju èrìgì lọ, ó dà á sínú páìpù, ó sì di ọ̀pá kan tó pupa bí iyùn, tí okùn wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀ bí iṣan. Ó ní kí Kúlísúmù di ìda rírọ̀ mú, kó lè mọ ibi tí ìka mẹ́ta tó kù àti kùkùté àtàǹpàkò ń jókòó sí. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá sórí ẹ̀rọ àlòkù kékeré tó ń yí i kí ọ̀bẹ lè fá a, ó lu ihò sí i, ó gé tírẹ́ẹ̀dì tí ìdérí yóò máa lọ́ wọ̀ sí i lára, ó gbẹ́ ibi ìka sí i, ó fi sáńpépà ha á títí tó fi ń dán. Ẹnu rẹ̀ tó jẹ́ irin nìkan ló rà. Oṣù mẹ́rin gbáko ló gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Kúlísúmù ti wí nígbà tó kọ́kọ́ rí àwọ̀ rẹ̀, "èrìgì ta ni mo fẹ́ fi kọ̀wé yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn.

Mùtàlíbù, ọkọ Mùlíkàt, sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì eyín lọ́wọ́.

"Gègé pupa tó wà níbí dà?"

"Pupa? Áà. Àlàájì Bùsàrí yà kí wa lánàá nígbà tí o wà níbi iṣẹ́. Mo mú un jáde fi hàn wọ́n. Wọ́n ní ó dára gan-an. Mo ní kí wọ́n máa mú un lọ."

"Ẹ ní kí wọ́n máa mú kí ni lọ?"

"Ìyá Kamilah, rọra. Dúdú yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo rò pé òun ni ti Kúlísúmù. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, yóò rọrùn láti dì mú."

"Tẹ́ẹ́rẹ́! Ẹ ò rí ibi tí mo gbẹ́ lára pupa yẹn ni?"

Mùtàlíbù gbé búrọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì. "Mo rò pé ọnà ni."

Ọnà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹ̀jẹ̀ gun orí Mùlíkàt. Ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Àárọ̀ yìí ló pè é bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ Mùtàlíbù, ta ló rán ẹ níṣẹ́? O ò lè bèèrè? Ẹnu ẹ ń dùn ẹ́ ni?"

Ọkọ rẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Ó dáa, mo ṣèṣì. Ṣùgbọ́n ṣé a wá lè lọ gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ àgbà ni? Ilé wọn ni mo gbé fún oṣù mẹ́jọ nígbà tí mo dé ìlú yìí. Kí ni wọ́n á pè wá? Ṣebí o mọ̀ ọ́n ṣe, o ó ṣe òmíràn."

"Láàárín òní sí aago méjì?"

Kúlísúmù ti dé orí àtẹ̀gùn, ó ti wọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí Baltimore, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ ìborùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Màá fi báírò gbìyànjú. Ọlọ́run á ṣe é." Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló tún dá kún un. Mùlíkàt já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lára ògiri.

"Mò ń lọ bá Àlàájì ní Kettering. Bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Route 197 kún fún bọ́ọ̀sì ilé ìwé láàárọ̀ yẹn, gbogbo wọn sì ń dúró. Mùlíkàt ń sọ̀rọ̀ sókè nínú ọkọ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé! Òun ń fa èéfín páúdà símú, ọwọ́ òun ń bó, ẹnì kan jókòó sí pálọ̀, ó ń fi iṣẹ́ òun ṣe ọ̀làwọ́! Bó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ni, ṣé yóò fún wọn? Ó ń to ohun tí yóò sọ fún Àlàájì. Àlàájì, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n gègé yẹn kì í ṣe ti ọkọ mi. Rárá, "ẹ má bínú" ti pọ̀ jù. Àlàájì, ẹ dá gègé mi padà. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Central Avenue, ó rántí pé òun kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Síbẹ̀ kò yà síbì kan.

Àlàájì Bùsàrí fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, àgbàlagbà tó ga, tó wọ súẹ́tà sórí jálàbíà. Mùlíkàt kúnlẹ̀ lójú ẹnu ọ̀nà, orúnkún rẹ̀ kò dúró de ìbínú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Àlàájì. Mo wá gba gègé."

Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyẹn, láìsí iyọ̀, láìsí epo. Àlàájì kò bínú.

"Dìde, ìyàwó wa, wọlé. Ọkọ ẹ ti pè. Ká ní kò pè, èmi náà ìbá pè yín." Ó mú un lọ sídìí tábìlì oúnjẹ. Gègé pupa wà lórí lẹ́tà kan tí kò tíì parí. "Láti àná ni mo ti ń bá a jà. Wò ó." Ó na ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. "Kò níbi tí mo fẹ́ gbé èyí sí. Mo ní, áà, gègé yìí ní ọwọ́ tí wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ọwọ́ tèmi. Gbà."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Mùlíkàt ti tò láti Laurel wá kò níṣẹ́ mọ́, èyí náà tún bí i nínú.

"Má bínú sí ọkọ ẹ," Àlàájì ní.

"Àlàájì, ẹ má bẹ̀ mí lórí ẹ̀. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ló gbé jáde bí ẹni bu omi fún àlejò."

"Bu omi kẹ̀?" Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. "Wákàtí kan ni ọmọkùnrin yẹn fi dá mi jókòó! Mo fẹ́ lọ kírun, kò jẹ́ n dìde. Ó ní kí n wo ibi tí ìdérí ti pàdé ara rẹ̀, bóyá màá rí ojú ẹ̀. Mi ò rí i. Ó ní ìyàwó òun ló fọwọ́ gé e. Ó ní o ti ṣe méjì tó là. Ó ní lọ́jọ́ tí èkejì là, o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ò ń sunkún, òun wà lórí àtẹ̀gùn, òun rọra padà sókè kí o má baà mọ̀ pé òun rí ẹ. Mo ní mi ò lè gba irú nǹkan báyẹn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń wá ohun tí òun lè fi dúpẹ́ oṣù mẹ́jọ yẹn, kò sí ohun mìíràn nínú ilé òun tó dára tó o."

Mùlíkàt di gègé náà mú.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé kò sọ ọ́ fún ìwọ ni?"

Mùlíkàt fi gègé sínú àpò rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó jáde. Ẹ sì lè rò pé ọkàn rẹ̀ rọ̀ lójú ọ̀nà. Irọ́ ni. Ṣe ni inú tún wá ń bí i ju ti àárọ̀ lọ.

Ó padà lọ gbé Kúlísúmù, wọ́n sì dé Baltimore nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù. Mùlíkàt dúró síta pẹ̀lú àwọn àga oníke àti ọmọ ọlọ́mọ tó ń ké. Nígbà tí Kúlísúmù jáde, ìborùn rẹ̀ ti wà léjìká, ọwọ́ rẹ̀ tó gé wà níta gbangba, yíǹkì sì kan án ní ẹ̀gbẹ́.

"Òṣìṣẹ́ náà ní kí n kọ pé ilé mi wà nítòsí ilé ìwé," ó ní. "Mo kọ ọ́. Ó kà á sókè, ẹ̀gbọ́n mi. Ó kà á láì dúró! Ó ní mo ti yege." Ó wá gbé orí lé èjìká Mùlíkàt, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Aago márùn-ún ti lù kí wọ́n tó délé. Mùtàlíbù ti se ìrẹsì, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbọ́ ìròyìn, ó ní Alhamdulillahi lẹ́ẹ̀mẹta, Kúlísúmù sì sáré gba ìdí fóònù lọ pe Ìbàdàn. Ó wá ku àwọn méjèèjì ní kíṣìnnì. Mùlíkàt kò bọ́ kóòtù.

"Wá jẹun," ọkọ rẹ̀ ní. "Mo mọ̀ pé o ò tíì jẹ nǹkan kan."

"Àlàájì ní wákàtí kan lẹ fi sọ̀rọ̀ lánàá."

Mùtàlíbù gbé ìdérí ìkòkò, ó tún dé e padà. "Kí ni wọ́n ní mo sọ?"

"Èmi kọ́ ni màá sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, fún èmi, níbí yìí."

"Ìyá Kamilah, ṣebí o ti gbọ́ ọ."

"Lẹ́nu Àlàájì! Ẹnu Àlàájì ló fẹ́ mi? Oṣù mẹ́rin ni mo fi wà nísàlẹ̀ yẹn. Ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ wá kí mi pé mo kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan."

Ó fi ọwọ́ nu ẹ̀yìn ọrùn. Ó wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé. Mùlíkàt kò gbà á là.

"Lọ́jọ́ tí èkejì là," ó wí níkẹyìn, "mo wà lórí àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mùlíkàt wá mọ̀ pé ìbínú yìí kò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ òní, pé ó ti wà nínú òun ní ọ̀pọ̀ ọdún kí gègé kankan tó wà, àti pé òun náà kò fìgbà kan ṣí ẹnu sọ ọ́.

Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ," ó ní. "Mò ń gbọ́."