Àwọn Àwòrán Àkànmú

Bí ẹ bá ń gbé Okokomaiko tí ẹ ò tíì rí kòkòrò oyin tí mo yà, a jẹ́ pé ẹ kì í wo ọ̀nà. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kun nǹkan. Pátákó ṣọ́ọ̀bù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Ẹlẹ́ja kan ní kí n ya ẹja, mo ya ẹja, mo sì ya oyin kan sí igun rẹ̀. Ó bínú, àmọ́ n kò pa á rẹ́.

Màmá mi ló fà á. Ó máa ń sọ ọ́ pé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bí wọ́n ṣe gbé àwo oyin kalẹ̀, kòkòrò oyin wọlé, wọ́n bà lé ọmọ náà lórí, ẹyọ kan ò ta á. Tí mo bá sì parí àwòrán kan, Màmá á fọwọ́ pa oyin tó wà ní igun rẹ̀ lára, á ní, "Àkànmú, ọkọ mi." Mo rò pé oríkì oyin nìyẹn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn àwòrán mi ní Àkànmú Kìíní, Àkànmú Kejì nìyẹn, títí dé ìkẹtàdínlógún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé, olùkọ́ yunifásítì tó fẹ́ pàtẹ àwọn àwòrán mi, ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa ohun tí oyin jẹ́ sí mi. N kò fẹ́ kọ irọ́. Mo lọ bá Ìyá Làmídì, ẹ̀gbọ́n Màmá, ní Ìbà. Òun ló gbé àwo oyin lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀wà ló ń ṣà. Mo bi í bí oyin ṣe bà lé mi lórí lọ́jọ́ náà.

"Munirat, ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ ni? Ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin ni, Àkànmú. Oṣù mẹ́ta ló lò láyé. Nígbà tá a bí ẹ, àwọn àgbà ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀ létí ẹ, kó má baà wá pè ẹ́ lọ. Lọ́jọ́ tìẹ, ìyá ẹ ò jẹ́ ká gbé oyin wọlé rárá. Iyọ̀ la fi ṣe é."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n máa yà á?"

"Ibẹ̀ nìkan ni ìyá ẹ ti ń ráyè pe ọmọ ẹ̀."

Mọ́tò gbé mi kọjá Okokomaiko, mo ti dé Ọ̀tọ̀-Àwórì kí n tó mọ̀. Inú ń bí mi, n kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Màmá ò purọ́. "Ọmọ náà" ló máa ń wí, èmi ni mo fi ara mi sí i. Bí oyin ò bá wá jẹ́ tèmi, iṣẹ́ ta ni mo ti ń ṣe láti ọdún méjìlélógún yìí wá?

Nígbà tí mo délé, Màmá jókòó síwájú àwòrán tuntun.

"Munirat, oyin dà?"

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo yà á sí igun. Ó fọwọ́ pa á lára kí ọ̀dà tó gbẹ.

"Màmá," mo ní, "ta ni Àkànmú jọ?"

Ó sáré dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tòun tọ̀dà, bò mí létí, èmi ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Mò ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì gbọ́ nǹkan kan.