Ọdún Tí Bàbá Wa Kò Gbin Iṣu

Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá ni mo parọ́ fún bàbá mi, nínú ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè, níṣojú dókítà. Nígbà tó fi máa di oṣù Ògọ́sì, bàbá mi ti kú.

Gbádé Akínọlá ni orúkọ rẹ̀. Abà Àlàó, lẹ́yìn Ìkirè, ló ti ṣe iṣẹ́ oko fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ó ní kòkó, ó ní obì, ṣùgbọ́n iṣu ló fẹ́ràn jù. Iṣu yẹn ni èmi àti Máyọ̀kún àbúrò mi jẹ dàgbà, òun náà ló sì rán wa níléèwé. Ọdún tí mo wọ iléèwé girama ní Ìwó, omi ti gbé afárá ojú ọ̀nà lọ, mọ́tò ò lè kọjá. Bàbá mi gbé àpótí mi rù. A rìn láti ìdájí títí oòrùn fi kàn wá lórí. Nígbà tá a dé ẹnu géètì, ó sọ àpótí kalẹ̀, ó bojú wòkè.

"Òjò fẹ́ rọ̀, kòkó sì wà lórí ẹní," ló wí.

Omi tí mo lọ bù wá, orí ìdúró ló ti mu ún. Ló bá yí padà. Mi ò rántí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ń bí mi pé àwọn ọmọ yòókù rí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa.

Lẹ́yìn tí màmá wa kú, òun nìkan ló kù lábà. Ní oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú, ó yọ̀ ṣubú lẹ́bàá odò, ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, kò sì lè dìde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oko wọn jọ pààlà, Bàbá Lateefat, ló rí i, ló fi ọ̀kadà gbé e jáde. Èmi àti Máyọ̀kún lọ mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Èkó, nítòsí Ojú Ẹlẹ́gbà.

Bàbá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Kété tó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti máa ń gbá àyíká ilé, á ti pọn omi kún gbogbo ike. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ túbọ̀ ń san, ó ní òun á máa lọ mú Hadassah, ọmọ mi, wálé láti iléèwé. Tíṣà lèmi náà, iṣẹ́ kì í jẹ́ kí n tètè dé. Aneesah aládùúgbò wa ló ti ń bá mi mú ọmọ náà wá tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń ṣàròyé. Bí bàbá mi ṣe gbà á ṣe yẹn, ara tù mí gan-an.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, a padà lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà náà ò gbọ́ Yorùbá, bàbá mi ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà ní ẹsẹ̀ ti jiná, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ náà ti wálẹ̀. Ó ní bàbá lè padà sílé, kó máa lo oògùn rẹ̀, kó má sì gbé ẹrù tó wúwo.

Bàbá mi kọjú sí mi. "Kòfo, kí ni wọ́n wí?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo rò ó pé ó tún lè ṣubú. Mo rò ó pé àwọn èèyàn á ní a já a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ló máa mú Hadassah wálé.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣì dúró, Bàámi. Ó di Kérésì."

"Kérésì? Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ o."

"Ẹ jẹ́ kí ara yín le ná, sà."

Kò jiyàn. Ó ṣí fìlà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé inú bàbá ń dùn pé òun ń lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹnì kan pè mí láti ibùdókọ̀ Costain pé bàbá mi wà lọ́dọ̀ àwọn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn débẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ fẹ́ kó bá mi ni, Bàámi?"

"Mi ò sá lọ o," ló wí wọ́ọ́rọ́wọ́. "Mo ní kí n bèèrè ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ìkirè ni, kí n lè mọ̀ ọ́n de Kérésì."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Lateefat pè sórí fóònù mi. Ó ní òun ti bá bàbá mi kọ ebè, èbù iṣu ti wà nílẹ̀, bàbá mi nìkan ni wọ́n ń retí. Mo gbé fóònù fún bàbá mi.

"Dókítà ò tíì gbà," ló wí. "Bá mi gbin ín. Tí o ò bá ráyè, kó o pín in fún àwọn ará ilé."

Bàbá Lateefat sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́. Bàbá mi dá fóònù padà fún mi. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ oko mọ́. Kò gbálẹ̀ mọ́. Àfi Hadassah nìkan ló ń dìde fún. Ìpàdé ìjọ ni mo wà lọ́jọ́ tó kú sórí àga nílé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀.

Abà la sin ín sí. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo jẹ́wọ́ fún Máyọ̀kún. Ó ní ìfẹ́ ló sún mi ṣe é, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ìtùnú nínú ẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Lateefat nídìí ebè iṣu tí ewé rẹ̀ ti bo gbogbo ilẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún òun náà.

Ó kọjú sí mi.

"Dókítà ti ní kó máa bọ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Èmi ni mo gbin èyí," ó wí. "Tìbínú-tìbínú ni mo fi gbin ín. Mo sọ fún un lórí fóònù pé Èkó ti dùn mọ́ ọn, pé kó jókòó síbẹ̀. Mi ò tún pè é mọ́."

Ó fọwọ́ nu ojú. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí apá ibi tí a sin bàbá mi sí, mi ò sì ní ìgboyà láti tẹ̀ lé e. A padà sí Èkó lọ́jọ́ kejì, kò jáde wá kí wa.