Fáìlì Tí Ọ̀gá Tò

Láti àárọ̀ ni akọ̀wé ilé ìwòsàn ti ń kọ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà, tó ń ya orúkọ àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ ìbí wọn. Ó kù kó tò wọ́n ní ìlànà ábídí ni ọ̀gá rẹ̀ fi ìka olóròóró tì í lẹ́jìká. Ẹran wà lẹ́nu ọ̀gá, ó ń jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù. Ìwà ọkùnrin yìí ń rí akọ̀wé lára.

"Dìde jàre! O lọ́ra bí ìgbín."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá tò wọ́n, ẹ kó èsì rẹ̀ sínú fáìlì mìíràn o. Tó bá jẹ́ èyí kan náà, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ da gbogbo ohun inú rẹ̀ nù kó tó kà á."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Ọ̀gá jókòó, ó tẹ àṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n; inú fáìlì kan náà ló ní kí èsì padà sí. Nígbà tó ṣí i, kò bá ẹyọ orúkọ kan níbẹ̀. Ó ń lá òróró àtàǹpàkò rẹ̀ bó ṣe kọjú sí akọ̀wé.

"Níbo lo kó wọn sí?"

Akọ̀wé mú àkísà, ó yínmú, ó ń nu òróró kúrò lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà.

"Àwọn lẹ ń lá lára ìka yín yẹn, sà."