Bíà tí Oyèníyì Gbé Lọ sí Woodlawn

Oyèníyì kì í ṣe ọ̀mùtí. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ìtọ́wò ni tirẹ̀. Tó bá ti gba ife bíà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kalẹ̀, á kọ́kọ́ gbé e sókè síná, á máa yí i bírí bírí bí ẹni tó ń wá ibi tí eegun ti sán, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn, fọ́tò eegun ló ń yà nílé ìwòsàn kan ní Bronx, nílùú New York. Lẹ́yìn náà á ti imú bọnú ife, á dijú, á fà á símú fíìn. Á wá fẹnu kàn án, á máa fi ṣan ẹnu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín tán. Ìgbà tó bá gbé e mì tán ni ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo gbọ́ òórùn èèpo ọsàn," á wí. "Mo tún gbọ́ òórùn pákó tí òjò pa."

Akíntọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe káàkiri òpópónà Grand Concourse, á fẹ̀yìn ọwọ́ nu ìfófó kúrò létè. "Èmi gbọ́ òórùn bíà."

"O ò lè gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odéku ti ba ahọ́n rẹ jẹ́."

"Odéku ló tọ́ ahọ́n mi dàgbà. Ohun tó dúdú, tó korò, tó sì mọ iṣẹ́ tó bá wá. Èwo ni ti pákó tí òjò pa? Ṣé káfíńtà ni wá ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ní Woodlawn, lápá òkè Bronx níbi tí àwọn Irish pọ̀ sí, tí ilé ọtí wọn tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ilé ìjọsìn ṣe tò lọ ní àdúgbò tiwa. Ilé ọtí Christopher ni wọ́n yàn láàyò. Ọkùnrin tó sanra kan ni Christopher, irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí epo, Ireland ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Yàtọ̀ sí ọtí dúdú tí gbogbo Irish ń mu, ó máa ń kó oríṣiríṣi bíà wá láti àwọn ilé ìpọntí kéékèèké ní Brooklyn àti Queens, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè ní craft beer. Oyèníyì á tọ́ ọ wò níbẹ̀, á tún ra ẹ̀yà rẹ̀ nínú agolo lọ sílé ní Parkchester, kó lè mọ èyí tó dùn jù nínú ti àgbá àti ti agolo. Kò tán síbẹ̀. Á mu ìdajì nínú kíṣìnnì, á gbé ìdajì lọ sí pálọ̀, torí ó dá a lójú pé bíà pálọ̀ a máa dùn ju bíà kíṣìnnì lọ.

"Daddy Kúnmi, bíà kan náà ni," Doyin ìyàwó rẹ̀ á wí, láìgbójú sókè.

"Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀."

Nọ́ọ̀sì ni Doyin. Ó ti rí oríṣiríṣi àìsàn, ó sì gbà pé èyí kì í pani. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, àfìgbà tí ìyá rẹ̀ dé láti Iléṣà.

Màmá Iléṣà ni ààrẹ ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn. Wọn kì í mu ọtí, wọn kì í jókòó ti ẹni tó ń mu ún. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n ṣí fíríìjì láti mú omi, wọ́n bá agolo bíà tí wọ́n sùn ti ara wọn bí ọmọ tuntun. Wọ́n rọra pa á dé, wọ́n pe ọkọ ọmọ wọn.

"Bàbá Kúnmi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń fi gbogbo ìyẹn ṣe?"

"Ìwádìí ni, Mà."

"Ìwádìí? Kí ló sọnù?"

Láti ọjọ́ náà ni Oyèníyì ti ń fi bébà bíràwùn tí wọ́n ń kó ọjà sí ní súpámákẹ́ẹ̀tì wé agolo àti ìgò bíà rẹ̀, tó sì ń tì wọ́n sẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn ìkòkò ẹ̀gúsí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Màmá náà ní ìgò tiwọn. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n láti inú ọkọ̀ òfuurufú, jẹ̀díjẹ̀dí sì wà lára rẹ̀, ni wọ́n bá fi egbò ìpèta, ewé àsúnwọ̀n àti kán-ún sínú omidùn, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò dúdú ńlá kan, wọ́n dé e pinpin. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí agbo pẹ́, àwọn náà fi bébà bíràwùn wé e, wọ́n gbé e síwájú nínú fíríìjì. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan náà ni bébà méjèèjì ti wá.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Christopher kéde pé tó bá di Sátidé, kí oníkálukú mú ìgò bíà kan tó fẹ́ràn jù wá, kó wé e kí ẹnikẹ́ni má rí orúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé á tọ́ ọ wò, wọ́n á nawọ́ fi dìbò, wọ́n á sì gbé fọ́tò ẹni tó bá borí kọ́ sára ògiri, láàárín fọ́tò àwọn akànṣẹ́ àtijọ́. Nígbà tí Oyèníyì gbọ́ ọ̀rọ̀ ògiri, orí rẹ̀ wú. Ó ní ìgò ńlá kan tó ti pamọ́ láti ìgbà yìnyín tó kọjá, bíà dúdú kan tó ki bí oyin, tó sì le ju wáìnì lọ. Ó ti ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú aṣọ ìgbéyàwó.

Àárọ̀ Sátidé, Doyin palẹ̀ fíríìjì mọ́. Èyí tó wà lẹ́yìn bọ́ síwájú, èyí tó wà níwájú padà sẹ́yìn. Oyèníyì tibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìkánjú, ó nawọ́ sẹ́yìn ìkòkò ẹ̀gúsí, ó fa ìgò rẹ̀ yọ, ó sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ilé ọtí kún. Akíntọ́lá kò tíì dé, ó ní òun ń tún ẹ̀rọ kan ṣe lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tiffany, tó máa ń sọ̀rọ̀ nípa bíà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló jókòó síwájú, gbogbo ènìyàn sì ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n tọ́ bíà èkíní wò, wọ́n ní kò burú. Wọ́n tọ́ òmíràn wò, wọ́n ní ó fúyẹ́ jù. Ó wá kan Oyèníyì.

Bí Christopher ṣe yí ọmọrí ìgò náà, ó dún gbàà! Ìfófó ta dé àjà. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Òórùn kan jáde wá, ó lọ káàkiri, ó kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Christopher bu ú fún gbogbo ènìyàn, ife ńlá ńlá.

Tiffany mu díẹ̀. Ó fún ojú pọ̀, ó gbọn orí, ó tún mu ún.

"Ilẹ̀ ni mò ń gbọ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú gbòǹgbò igi kan kúrò nínú rẹ̀."

"Ó kan," Christopher wí. "Ó korò. Ó tún dà bíi pé ó ń bínú."

Oyèníyì náà mu ún. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ohun tó wà lẹ́nu òun yìí kì í ṣe ohun tóun mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, nígbà tí gbogbo ilé ń mi orí, tí obìnrin orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti dijú, ta ni yóò sọ pé òun ò mọ bíà òun?

"Ó ti gbó ni," ó wí, ó wúkọ́ díẹ̀. "Bíà tó bá ti rí yìnyín rí, ìwà rẹ̀ a máa yí padà. Ẹ má gbé e mì kíákíá. Ẹ jẹ́ kó bá yín sọ̀rọ̀."

Wọ́n jẹ́ kó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n nawọ́, ọwọ́ pọ̀ ju orí lọ, torí àwọn kan na méjèèjì. Wọ́n bu ìyókù pín. Christopher gbé fóònù, ó ya Oyèníyì ní fọ́tò níbi tó ti gbé ìgò dání bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé.

Ibẹ̀ ni Akíntọ́lá wọlé. Ó gba ife Oyèníyì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, àmọ́ imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó gbé ife náà sílẹ̀.

"Oyè, ta ló ń ṣe jẹ̀díjẹ̀dí níbí?"

"Kí ló kan jẹ̀díjẹ̀dí? Bíà tó gba ipò kìíní nìyẹn!"

Akíntọ́lá já bébà ara ìgò náà. Ìgò omi èso àjàrà ni. Ó dojú rẹ̀ kọ àtẹ́lẹwọ́, egbò kan já bọ́ pẹ̀lú ewé rírà.

"Ìpèta rèé," ó wí. "Àsúnwọ̀n rèé. Oyè, agbo lo fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ mu. Ife ńlá ńlá!"

Oyèníyì fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti fèsì ṣáájú rẹ̀. Ó kùn bí ìgbà tí tíréènì nọ́ńbà 6 bá ń wọ ibùdókọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Tiffany dìde láìsọ̀rọ̀, ó rìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ọbabìnrin, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹyọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan lọ tò síwájú ilẹ̀kùn. Èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣe, gbogbo ilé ti wà lórí ìlà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan rọ́pò ẹsẹ̀ kejì. Christopher tó ni ilé, tí kò sì rí àyè nílé ara rẹ̀, gba ẹ̀yìn jáde, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù onípísà. Àwọn mìíràn sá tọ ilé ìfọṣọ lọ. Akíntọ́lá nìkan ló jókòó, ó ra odéku kan, ó ń mu ún jẹ́jẹ́.

Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onípísà, nígbà tó kàn án, ni làákàyè Oyèníyì tó padà dé. Tí agbo bá wà ní Woodlawn, níbo ni bíà òun wà? Òógùn tutù bò ó. Ó pe Doyin.

"Màmi ti mu agbo wọn?"

Doyin ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ní tòní ò korò, wọ́n mu ife mẹ́ta. Daddy Kúnmi, ẹ máa bọ̀ nílé. Màmi ń kọrin."

"Orin ìjọ?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Nígbà tó délé, gèlè Màmá ti ṣí sí ẹ̀gbẹ́ etí kan. Wọ́n gbé fóònù sókè, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá Iléṣà ló wà nínú rẹ̀, Màmá sì ń ṣàlàyé fún wọn pé kò sí àna bíi tàwọn nínú ayé. Bí wọ́n ti rí Oyèníyì, wọ́n ké.

"Ìwọ ọmọ yìí! Wá ńbí!"

Láti ìgbà tó ti fẹ́ Doyin, Màmá kò tíì pè é ní "ìwọ" rí. Ẹ̀yin ni, Bàbá Kúnmi ni, bí ẹni ń bá ọ̀gá báńkì sọ̀rọ̀. Ojú Oyèníyì rọ.

"Mo fẹ́ràn rẹ," Màmá wí. "Mi kì í kàn sọ ọ́ ni, kí o má baà gbéraga. Jó fún mi!"

Ó jó. Kò lè ṣàìjó. Àwọn ìyá Iléṣà ń pàtẹ́wọ́ nínú fóònù. Ṣùgbọ́n ìpèta kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀, ijó náà sì ń tẹ̀ síwájú, ó ń tẹ̀ síwájú, títí tó fi jó wọ báluwẹ̀, tó tilẹ̀kùn. Àwọn ìyá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ já fáfá.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Màmá di orí mú nínú pálọ̀. Doyin jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Oyèníyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń retí àrá. Màmá nawọ́ mú gèlè wọn.

"Ẹ mú mi lọ sí ilé ọtí náà," wọ́n wí.

Aṣọ funfun ẹgbẹ́ ni wọ́n wọ̀ lọ. Oyèníyì rò pé ilé ọtí náà máa wó lọ́jọ́ náà. Christopher jókòó sẹ́yìn káńtà, ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Màmá dúró níwájú rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Sọ fún un pé kó má bínú," wọ́n sọ fún Oyèníyì. Wọn ò padà sí "ẹ̀yin" mọ́, òun náà ò sì rán wọn létí. "Ọ̀gá, ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún. Ta ló ń fi ife bíà mu agbo?"

Oyèníyì túmọ̀ rẹ̀. Christopher rẹ́rìn-ín tán, ó di inú mú. Ó ní òun ò bínú, ẹ̀yìn tó ti ń ro òun láti ọjọ́ yìí ti fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ńkọ́? Ó ní ọwọ́ tí wọ́n ti nà, wọ́n ti nà á. Lóòótọ́, fọ́tò náà ti wà lára ògiri, ojú Oyèníyì ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìròyìn láti ìsàlẹ̀.

Ìgbà náà ni arúgbó obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Susan ni, ìyá Christopher. Ó ní òun fẹ́ rí obìnrin tó lé gbogbo ọ̀mùtí àdúgbò wálé kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí òun ti ń gbàdúrà fún láti ọdún pípẹ́. Ó fa àga fún Màmá. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Susan ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi orúnkún rẹ̀ tó wú han Màmá. Màmá náà ká ìró tiwọn, wọ́n fi tiwọn hàn án. Wọ́n wò ó fínnífínní, bí ẹni ń wo èyí tó wú jù.

Màmá fi àtàǹpàkò tẹ orúnkún Susan. Susan pariwo, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

"Oyèníyì," Màmá wí, wọn ò gbójú kúrò níbẹ̀, "lọ bá mi ra òrí wá lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Parkchester. Ògidì òrí o. Má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tí wọ́n lú mọ́ lọ́fínńdà rẹ́ ọ jẹ."

Christopher ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife bíà tuntun kan tó ti Queens wá kalẹ̀ fún un, ìfófó rẹ̀ funfun bí òwú. Oyèníyì wò ó, ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ dúró de bọ́ọ̀sì.