Ihò Tó Yẹ Kó Ti Ara Rẹ̀ Pa

Ìyá Ìbejì, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, iná aláwọ̀ ewé tó wà lójú súìṣì, àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, sì kú. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yàrá ẹ̀rọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu okùn. Eruku. Eruku lásán.

Súìṣì yìí ló ń kó àwòrán tí wọ́n bá yà nílé ìwòsàn náà lọ sínú àwọn ẹ̀rọ ìpamọ́. Bí àṣìṣe bá ti pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba ọ̀kan lára àwọn ihò tí okùn ń wọ̀ kọjá, ńṣe ló yẹ kí ihò náà ti ara rẹ̀ pa, kí wọ́n lè tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, títì yẹn ti pọ̀ jù, ariwo àwọn dókítà sì ti sú Ìyá Ìbejì. Òun ló pàṣẹ fún ihò náà pé kó má ti ara rẹ̀ pa mọ́. Ó ní òun á padà wá wò ó. Kò padà wá.

Láàárọ̀ yìí, ìdajì àwòrán tí wọ́n yà nínú orí káfíńtà kan ni kò dé ibi ìpamọ́. Wọ́n gbé ọkùnrin náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ebi nínú, wọ́n ní kó lọ ya òmíràn.

Ìyá Ìbejì nu ẹnu okùn, ó fi í padà sínú ihò rẹ̀. Àṣìṣe dáwọ́ dúró.

Ohùn ọ̀gá wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fa okùn yẹn. Ẹ ò ríran mọ́, ẹ ò sì fẹ́ gbà!"

Bàbá Wáyà, àgbà tó ń to okùn ẹ̀rọ káàkiri ilé ìwòsàn, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ọ̀gá tó dé. Òun ló ń bá Ìyá Ìbejì gbé àkàbà nígbà tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni Bàbá wí. "Ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ìyá Ìbejì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀, títí ẹsẹ̀ wọn fi lọ tán.

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. "Ọ̀gá, kì í ṣe okùn Bàbá. Èmi ni mo ní kí ihò yẹn má ti ara rẹ̀ pa mọ́."

Ọ̀gá gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé o gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ fún Bàbá?"

"Mo gbọ́, sà."

"O sì dákẹ́."

Ìyá Ìbejì jáde lọ wá Bàbá Wáyà.

Ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan bí ẹni tó ń dán ojú rẹ̀ wò, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn òdìkejì, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá, ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ti sọ fún ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti tán, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀. Àmọ́ kò tíì yíjú kúrò tí ọwọ́ Bàbá fi tún gòkè, tó bo ojú kejì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìbẹ̀rẹ̀.