Háráfì Orí Iyanrìn

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀! Mo ní kí o gbé e kúrò!"

Àhmádù ahunṣọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti di Fàsílátù ọmọ rẹ̀ mú létí, ó ń wọ́ ọ jáde láàárín iyanrìn tí Sàlíhù kọ háráfì, ìyẹn lẹ́tà kéwú, gàdàgbà gàdàgbà sí. Àwọn ọmọ márùn-ún yòókù dúró gbagidi. Eré ti bà jẹ́.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ la ń kọ́ wọn," Sàlíhù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bí mo bá pe háráfì kan, ọmọ á fò lọ síbi tó wà. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ to ọ̀rọ̀. Kálukú ní ìwọ̀n agbára rẹ̀."

"Háráfì tí wọ́n fi kọ orúkọ Ọlọ́run lo ní kí ọmọ mi máa fẹsẹ̀ tẹ̀? Àsìtàgàfúrúláì! Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà rélùwéè wọ̀lú lo ti kọ́ ọ, àbí?"

Pé ẹsẹ̀ lè tẹ orúkọ Ọlọ́run gan-an ni Sàlíhù kò rò. Wàlláhì, kò rò ó! Ẹni tó ti ń kọ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ Àfáà Àbdùlsàlámì láti ọdún mọ́kànlá, tó mọ̀ pé wọn kì í da omi tí wọ́n fi fọ wàláà, pátákó ìkéwú, síbi tí ẹsẹ̀ ń gbà, òun ló lọ kọ háráfì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọmọdé. Àánú àwọn ọmọ tí ìbẹ̀rù pàṣán kò jẹ́ kí wọ́n lè kà ló ṣe é. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, òun àti Sàní ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Jímọ̀ tó ń bọ̀ sì ni Àfáà fẹ́ wé láwàní fún un, kí òun náà di àfáà tó ń jókòó kọ́ni.

Àhmádù kó gbogbo wọn lọ bá Àfáà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ilé rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà-Ọba, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wọn débẹ̀. Èrò ti pé bìbà. Sàní ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wí àwíjàre bí ẹni pé òun kọ́ ló ru iyanrìn ọ̀hún wá láti odò. Ojo ọkùnrin!

Àfáà kò pariwo. Ó nawọ́ sí wàláà kan tó fara ti ògiri. "Fàsílátù, kà á."

Ọmọ náà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ṣì í níbì kan. Bẹ́ẹ̀, odidi ọdún kan ni wọ́n fi nà án tí kò mọ álífù yàtọ̀ sí báù. Inú Sàlíhù dùn débi pé ó gbàgbé ibi tó wà, ó rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Àfáà bi í. "Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹsẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Kí ló máa wá fi bọ̀wọ̀ fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Sàlíhù, torí òótọ́ wà níbẹ̀.

"Pàṣán lèmi fi mọ kéwú!" Àhmádù ké.

"Baba, mélòó lẹ lè kà nínú rẹ̀ lónìí?" Sàlíhù bi í.

Hàà! Ọ̀rọ̀ ti já bọ́. Àhmádù gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí, àwọn èèyàn dì í mú.

Àfáà mú pàṣán, ó fi lé Sàlíhù lọ́wọ́. "Ọmọ mẹ́fà ló tẹ̀ ẹ́. Na ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹgba kan, kí wọ́n má baà gbàgbé. Tí o bá nà wọ́n tán, láwàní rẹ wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Fàsílátù ti na ọwọ́. Kò tilẹ̀ sunkún. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyẹn ló ba Sàlíhù lọ́kàn jẹ́ jù lọ.

Ó yíjú sí Sàní, ó na pàṣán náà sí i. "Gbà. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni kí o nà."

"Sàlíhù!" Àfáà dìde. "A kì í wé láwàní fún ẹni tí wọ́n nà níṣojú ọmọdé. Ọdún mọ́kànlá! Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Àfáà. Ẹ má bínú."

Ó rọra ti Fàsílátù sẹ́yìn ara rẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀.

"Mẹ́fà ni, Sàní. Má dín in."